Hibiscus ń ká ewé jọ, ixora ń pọ́n, bougainvillea kọ̀ kò tanná: ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ èyí tó dé bá mi yìí ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Mọ́níyà ni ilé wa wà, ní Ìbàdàn. Ọdún tó kọjá la kó wọ ibẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ra hibiscus mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, méjì pupa, ọ̀kan tó rí bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Mo ra ixora mẹ́fà, mo tò wọ́n sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì. Mo ra bougainvillea kan sí ẹnu géètì. Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, ẹni bá wọlé ló ń bi mí pé ta ló ń bá mi tọ́jú wọn. Òjò dá, ọyẹ́ dé, ẹ̀rín sì tán.

Hibiscus: ewé orí rẹ̀ ń ká jọ bí ìkúùkù ọmọ tuntun. Nǹkan funfun bí òwú wà ní abíyá àwọn ẹ̀ka, èèrà sì ń lọ ń bọ̀ lára igi bí ẹni pé ọjà wà lókè. Ewé ìsàlẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ti ń dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ixora: ewé tuntun ló ń pọ́n, ṣùgbọ́n àwọn iṣan inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo bu ajílẹ̀ NPK sí i lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe ló tún burú sí i.

Bougainvillea: ewé rẹpẹtẹ, òdòdó kò sí. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín o, n kò fìyà jẹ ẹ́.

Aládùúgbò mi kan ní kí n lo oògùn aáyán. Ọkọ mi ní kí n hú gbogbo rẹ̀ dànù, kí n gbin ewúro síbẹ̀, pé òun kò rí i kí ewúro ṣàìsàn rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ayọ̀ Ìkòròdú

Oògùn aáyán náà ni. Da ìdérí méjì sínú omi, fọ́n ọn. Tó bá di ọjọ́ kejì, èèrà gan-an á ti kó ẹrù. Èmi ń lò ó.

Ìyá Ṣadé Ọ̀ṣogbo

Ayọ̀, jọ̀ọ́, má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Dichlorvos ló wà nínú ohun tí ẹ̀ ń pè ní oògùn aáyán yẹn. Ìlòkulò tí wọ́n ń lò ó ló jẹ́ kí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀ ní ọdún 2019. Ẹni tó ń fọ́n ọn gan-an ń fà á símú. Ṣé òdòdó tí ọmọdé ń já fi ṣeré ni kí wọ́n wá fọ́n ọn sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíì má baà ṣe é. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ní róòsì mẹ́rin tí mo ti tọ́ fún ọdún mẹ́ta. Kòkòrò wẹ́wẹ́ bò ó. Omi ọṣẹ lásán ni mo fẹ́ fọ́n sí i, n kò ní pọ́ǹpù, mo bá yá ti ẹnì kan tó ń dáko lẹ́yìn ilé wa. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ìwo àgbò, ó sì ń gbẹ láti etí wọlé. Àṣé apakoríko ló fi pọ́ǹpù náà fọ́n kẹ́yìn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú rọ́bà rẹ̀ ló pa róòsì mẹ́ta. Ìgò tí wọ́n fi ń fọ fèrèsé ni mò ń lò báyìí, mo fi ọ̀dà èékánná kọ ÒDÒDÓ gàdàgbà sí i lára. Ẹnikẹ́ni tó bá da nǹkan mìíràn sínú rẹ̀ ní ilé mi, èmi àti onítọ̀hún ni.

Ayọ̀ Ìkòròdú

Ẹ máà bínú, mà. N kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti róòsì.

Bàbá Onígbó

Àdùkẹ́, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọgbà kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo kó wá yìí, oògùn kan ṣoṣo kò lè wò wọ́n. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú hibiscus.

Yí ewé yẹn padà. Abẹ́ ewé là ń wò, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ohun funfun tí o rí yẹn, kòkòrò ni. Àwọn abo ló jókòó síbẹ̀, inú òwú yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ti ẹyọ kan sì lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Wọ́n ti ẹnu bọ ara igi, wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu. Èyí tí ikùn wọn kò gbà, wọ́n ń tọ̀ ọ́ jáde ní omi dídùn. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Dúdú tí o rí lórí ewé, nǹkan tó hù sórí omi dídùn yẹn ni, bí èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti bu. Kì í jẹ ewé, oòrùn ló ń dí mọ́ ọn lójú.

Èèrà ńkọ́? Omi dídùn yẹn ni wọ́n ń mu. Nítorí rẹ̀, wọ́n ń sin kòkòrò náà bí darandaran ṣe ń sin màlúù. Wọ́n á gbé ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn, wọ́n á lé ohunkóhun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Tí o bá pa kòkòrò tí o fi èèrà sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi kó òmíràn dé.

Nítorí náà: gé àwọn orí ẹ̀ka tó ti ká jọ pátápátá, kó wọn sínú ọ̀rá, dì í lẹ́nu, fi sínú oòrùn títí ohun tó wà nínú rẹ̀ á fi kú. Má jù wọ́n sílẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn, mú omi tó ń ya jáde dáadáa, fi fọ abẹ́ ewé àti abíyá ẹ̀ka. Èyí tó bá já bọ́, agbára káká ni yóò fi padà gòkè. Wá mú téèpù, we é mọ́ ìdí igi, kí o fi gírísì pa ara téèpù náà, kì í ṣe ara èèpo igi. Èèrà kò ní kọjá. Wò ó bóyá ẹ̀ka kankan fara kan ògiri tàbí koríko, nítorí afárá ni wọn á fi í ṣe.

Nígbà tí o bá ṣe ìwọ̀nyí tán ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá kàn. Ọṣẹ dúdú ni kí o wá, èyí tí wọ́n kò fi lọ́fínńdà sí. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń ṣe é, ọṣẹ eérú bẹ́ẹ̀ sì kan náà ni pẹ̀lú irú èyí tí àwọn òyìnbó ń dì sínú ìgò tà fún kòkòrò ara ewé. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó máa ń jó ewé. Ìdajì síbí ìjẹun ọṣẹ dúdú sí omi lítà kan. Yọ́ ọ dáadáa, sẹ́ ẹ. Fọ́n ọn sí ewé méjì péré, kí o dúró di ọjọ́ kejì, nítorí ọwọ́ ẹni tó se ọṣẹ kò dọ́gba, òmíràn le ju òmíràn lọ. Bí ewé kò bá jó, ìrọ̀lẹ́ ni kí o fọ́n ìyókù, abẹ́ ewé sì ni. Ó dìgbà tó bá kan kòkòrò lára kó tó pa á. Kò sì ran ẹyin inú òwú, ìdí nìyẹn tí o fi máa tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, ìgbà mẹ́ta, láìfo ọ̀kan.

Ó ku nǹkan kan lórí oògùn aáyán yẹn. O ń gbé ẹ̀gbẹ́ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, kòkòrò funfun kan bí èyí gba Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ run láti ìlú dé ìlú. Agbọ́n kékeré kan tí kò ju èèrà lọ ni wọ́n lọ wá rí ní Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ níhìn-ín ní ọdún 1981. Inú kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin sí. Òun ló gba ẹ̀gẹ́ là, kì í ṣe oògùn. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize lórí rẹ̀ ní ọdún 1995. Àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ àti àwọn kòkòrò pupa onítóótòtó dúdú wà nínú ọgbà tìrẹ náà. Oògùn aáyán kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Mò ń bọ̀ lórí ixora. Ọwọ́ ń ro mí.

Agbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Bàbá ti sọ ọ́ tán lórí ọṣẹ. Dóńgóyárò ni màá fi kún un. Ewé rẹ̀ dára, àmọ́ inú kóró ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ ṣa èso tó bá já bọ́, ẹ bọ́ ẹran ara rẹ̀, ẹ sá kóró níbòòji, ẹ gún un. Gíráàmù 50 sí lítà kan, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè dúró lára ewé. Ìrọ̀lẹ́ nìkan, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Ó ń korò mọ́ kòkòrò lẹ́nu, kì í jẹ́ kó dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ má retí pé ẹ máa rí òkú kòkòrò nílẹ̀ láàárọ̀ o.

Ti ixora tó ń pọ́n, eérú ni kí ẹ bù sí i nídìí. Eérú máa ń ṣiṣẹ́ fún mi lórí ilá àti tòmátì.

Bàbá Onígbó

Agbẹ̀, mo gbà fún ọ lórí dóńgóyárò. Lórí eérú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ohun tó dára fún ilá lè pa ixora.

Ẹ wo ohun tí Àdùkẹ́ kọ: ewé *tuntun* ló ń pọ́n, iṣan sì tutù. Bó bá jẹ́ pé ebi ajílẹ̀ lásán ló ń pa igi, ewé àgbà ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nítorí igi á gba oúnjẹ lẹ́nu àgbà fi bọ́ ọmọ. Àmọ́ irin kì í ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀. Tí igi kò bá rí irin fà, ọmọ ewé ló ń jìyà rẹ̀. NPK kò sì ní irin nínú. P inú rẹ̀, ìyẹn phosphorus, tún lè dènà èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi burú sí i.

Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní acidic, ni ixora fẹ́. Sìmẹ́ǹtì àti eérú ló sì ń ba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un. Irin lè wà nínú ilẹ̀ lọ́pọ̀, gbòǹgbò kò ní rí i mu. Àdùkẹ́, ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì lo ní o gbìn wọ́n sí, ilé tuntun sì ni. Kí ni àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ síbẹ̀? Gbẹ́ ẹ wò. Bu ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀ sínú ife, da fínígà lé e lórí. Tó bá hó bí mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, o ti rí olè.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ̀yin mìíràn náà, mo dúpẹ́.

Mo ti dé láti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì. Mo mú ọkọ́ kékeré, mo gbẹ́ ìdí ixora kejì. Ọkọ́ kò tíì wọlẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ tó fi dún kán-ín. Mo fọwọ́ tú u. Èérún búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta tó tóbi tó orí mi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà bíi mẹ́wàá, àti bàtà ẹsẹ̀ òsì kan. Bàtà o! Mo bu ilẹ̀ yẹn sínú ife, mo da fínígà sí i. Ó hó ṣìì, ó ru sókè. Àbúrò mi tó ń wò mí fò sẹ́yìn. Mo lọ bu ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò lẹ́yìnkùlé, mo da fínígà sí òun náà, kò tilẹ̀ mira.

Èyí tó wá dùn mí jù: mo hú ìkẹrin wò nítorí pé òun ló kéré jù. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi tà á ṣì wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí mo sanwó fún kó bá mi gbìn wọ́n kàn ya ìdí ọ̀rá ni, ó gbé e sínú ihò, ó bò ó. Gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ra wọn yíká yíká bí òṣùká.

Ṣé kí n hú gbogbo wọn lónìí, kí n gbé wọn lọ sábẹ́ máńgòrò?

Bàbá Onígbó

Kì í ṣe lónìí! Ọyẹ́ ni a wà. Tí o bá hú igi tí ara rẹ̀ kò dá nínú ọyẹ́, o kàn ń ràn án lọ ni. Èyí tí o ti hú yẹn nìkan ni kí o fi sínú ìkòkò. Tú gbòǹgbò tó lọ́ yẹn, gé èyí tí kò bá ṣeé tú, kí o gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní bá a.

Àwọn yòókù, jẹ́ kí wọ́n dúró di ìgbà tí òjò oṣù kẹrin bá ti rọ̀ dáadáa. Láàárín ìgbà yẹn, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àgbẹ̀, bi wọ́n léèrè irin tí wọ́n ń fọ́n sórí ewé, wọ́n máa ń pè é ní iron chelate. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé, má fi kún un. Fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn kí ọ̀rinrin má sá lọ, kó sì jìnnà díẹ̀ sára igi. Tí omi kànga rẹ bá máa ń fi funfun sí ìdí kẹ́tùlù, omi náà wà lára ẹjọ́. Nígbà tí òjò bá dé, gbé agbada síta.

Abẹ́ máńgòrò kọ́ ni wàá gbé wọn lọ. Òjìji ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ewé nìkan ni ixora yóò máa wú. Síwájú fẹ́ǹsì náà ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán kó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí ògiri. Ihò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì, tó jìn tó ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. *Ilẹ̀* abẹ́ máńgòrò yẹn ni kí o bù wá, pò ó mọ́ ewé tó ti jẹrà.

Má sì wo ewé tó ti pọ́n. Òmíràn kò ní padà sípò. Ewé tó bá tún yọ ni kí o máa wò.

Ọmọ Èkìtì ní Birmingham

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ́rìn-ín díẹ̀. Pèrègún ni mo fowó rà níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, pèrègún. Ó wà nínú ìkòkò olówó ńlá ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn pé Dracaena fragrans. Nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, bàbá mi ní ṣé ààlà ilẹ̀ ta ni mo lọ hú.

Ìdí tí mo fi dá sí ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹnu ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń pọ́n bí ẹni tí iná rà. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo ń bomi sí i, ó ń burú sí i. Àṣé omi ẹ̀rọ gan-an ni. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń fi fluoride sí omi Birmingham nítorí eyín àwọn ọmọdé, pèrègún kò sì fẹ́ràn fluoride rárá. Ẹnu ewé ló máa ń kó o jọ sí. Sísè omi kò yọ ọ́ kúrò o, mo ti ṣe é. Omi òjò ni mò ń gbè báyìí, òjò kúkú ni a ní jù níhìn-ín. Mo tún gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ewé mẹ́rin tuntun ló ti yọ, ẹnu wọn mọ́ tónítóní.

Ẹni tó bá ní pèrègún nínú ilé ní Nàìjíríà, ìka yín ni kí ẹ kì bọ ilẹ̀ inú ìkòkò tó oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ gbé agolo omi sílẹ̀.

Ìyá Ṣadé Ọ̀ṣogbo

Ọ̀rọ̀ omi yìí náà ló kan bougainvillea. Àdùkẹ́, àbúrò mi, o ní o kò fìyà jẹ ẹ́. Òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ! Bougainvillea kì í ṣe òdòdó tí à ń kẹ́. Bùràsíìlì lọ́hùn-ún ni àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ rí i, ara rẹ̀ gba ọ̀dá. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì rò pé ọ̀ràn dé, ìgbà yẹn ló máa tanná. Bí o bá ń fún un lómi láràárọ̀, kí ló fẹ́ máa bímọ fún? Ewé lásán ni yóò máa wú.

Dáwọ́ omi dúró títí ewé rẹ̀ á fi rọ díẹ̀. Bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí o tún fi í sílẹ̀. Oòrùn gbọ́dọ̀ lù ú fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́, ṣé o bù ú sí i? Bí o bá bù ú, má tún bù ú mọ́, ewé ló ń fà jáde. Gé àwọn ẹ̀ka gígùn jágbajàgba yẹn kúrò, ṣọ́ ẹ̀gún rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ̀ ṣá pé èyí tó pupa lára rẹ̀ yẹn kì í ṣe òdòdó? Ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni funfun tíńtín tó wà láàárín. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo lọ dúró tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń wò ó bí ẹni tí wọ́n parọ́ fún.

Ayọ̀ Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di pé ẹ tú ká. Èmi náà ní hibiscus, kòkòrò funfun kọ́ ló ń ṣe tèmi. Ewé rẹ̀ ti dá ihò bí ajọ̀, tata dúdú kékeré sì kún ibẹ̀. Wọ́n ń rùn. Ilá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti dá ihò. N kò fọ́n nǹkan kan sí i o, mò ń dúró de ẹ̀yin àgbà.

Agbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ayọ̀, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ilá ló ń dá a, èyí tó máa ń fò tí ọwọ́ bá fẹ́ kàn án. Hibiscus, ìṣápá àti ilá, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ohun tó bá ń jẹ ọ̀kan mọ ilé èkejì. Gbé ilá rẹ jìnnà.

Ihò ńlá láti etí ewé, tata nìyẹn. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, wọ́n máa ń ṣù jọ sórí ẹ̀ka kan, òtútù ò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè fò. Gbé garawa omi ọṣẹ sábẹ́ wọn, gbo ẹ̀ka náà. Èmi a máa kó tó ìlàjì garawa lọ́jọ́ kan. Wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì rẹ, bóyá ewé Akíntọ́lá wà níbẹ̀. Àwọn tata yìí fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀. Ṣán an kúrò. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, inú ilẹ̀ tó wà ní ìbòòji ni àwọn àgbà wọn máa ń yé ẹyin sí, wọ́n á kó jọ síbì kan náà. Ibi tí o bá ti rí wọn tí wọ́n pọ̀ nílẹ̀, sàmì sí i, kí o fi ọkọ́ yí ilẹ̀ ibẹ̀ padà kí oòrùn lè sá ẹyin náà. Tí o bá fi í sílẹ̀, oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n á tún pa.

Ayọ̀ Ìkòròdú

Ewé Akíntọ́lá? Igbó rẹ̀ ni ẹ̀yìn fẹ́ǹsì mi! Ẹ ṣé, sà.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ káàsán o. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbàgbé mi. Oṣù kẹfà ti dé, mo ní kí n wá jíyìn.

Hibiscus ti bọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo fọ́n ọṣẹ dúdú dípò mẹ́ta, torí mo fo ọ̀kan nígbà tí mo rìnrìn àjò, wọ́n sì fẹ́ padà wá. Gírísì yẹn ló yà mí lẹ́nu jù: ní ọjọ́ kejì, èèrà tò sí abẹ́ téèpù bí èrò tí ọkọ̀ kò gbé. Èyí tó dà bí ìbẹ́pẹ ta òdòdó mọ́kànlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òdòdó kan ń lò kó tó rọ, ẹ má bá mi káàánú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a.

Bougainvillea: mo fìyà jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹta ó pupa débi pé ọlọ́kadà kan dúró láti ya fọ́tò rẹ̀.

Ixora mẹ́rin ló yè nínú mẹ́fà. Ọ̀kan kú kí òjò tó dé, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́ yẹn kú sínú ìkòkò. Àwọn mẹ́rin yòókù ti yọ ewé tuntun, kò sì sí èyí tó pọ́n.

Ayọ̀ Ìkòròdú

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé èyí tó dà bí ìbẹ́pẹ yẹn. Mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn níparí oṣù.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ̀ka mẹ́rin ti wà nínú yanrìn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gé wọn ní gígùn ìka méjì, mo já ewé ìsàlẹ̀, mo fi ọ̀rá bò wọ́n, wọ́n wà níbòòji. Mo fà ọ̀kan díẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti dì mọ́ ilẹ̀. Méjì jẹ́ tìrẹ.

Ọkọ mi sì ti gbin ewúro rẹ̀ sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ibi tí mo hú ixora kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ kó sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kúrò, ó ní ewúro kì í ṣàìsàn. Ewé rẹ̀ ti ń pọ́n.

Bàbá Onígbó

Ẹ fún un ní fínígà.